Eélòó Ni Ẹ̀yìn Yín, Bàbá?

Ìwé kékeré ẹlẹ́yìn pupa kan wà lórí tábìlì,
ife tíì ti fi òrùka sílẹ̀ lójú ewé àkọ́kọ́.
Ibẹ̀ ni mò ń kọ òwò bàbá mi sí:
Rosaire Ouellette, onígi ìdáná létí odò
tó pààlà láàárín Méènì àti Kánádà,
níbi tí yìnyín ti ń wọ̀lú lóṣù kọkànlá
tí kì í dágbére títí a ó fi gbàgbé àwọ̀ koríko.

Kọ́ọ̀dù kan: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin lóròó,
mẹ́rin ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn.
Bàbá mi kì í rẹ́ni jẹ. Ó tún ń fi èènì lé e.
"Ènìyàn ni yóò yá a," ni ó máa ń wí, "kì í ṣe rúlà."

Mo ní, "Eélòó lẹ tà á?"
"Àádọ́talénígba dọ́là."
"Epo ayùn ńkọ́?" Ó dá a lé mi lọ́wọ́.
"Ẹ̀wọ̀n ayùn tó já lára òkúta?" Ó nu irùngbọ̀n.
"Epo ọkọ̀ títí dé ilé Gervaise Daigle, àlọ àtàbọ̀?"
Ó kọjú sí fèrèsé.
"Ẹ̀yìn yín ńkọ́? Eélòó ni ẹ̀yìn yín, Bàbá?"
Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀fẹ́ ni. Ṣebí èmi ni mo ni ín."

Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Mo ti rí i bó ṣe ń dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀,
díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú ẹrù tí wọ́n fi wáyà dì.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ̀yìn, dọ́là méjìdínlógún, wákàtí kan.
Nígbà tí mo rò ó pọ̀ tán,
èrè orí kọ́ọ̀dù kan jẹ́ dọ́là mọ́kànlá.
Mọ́kànlá! Kò ra ìbọ̀wọ́.

Igi tútù, omi lẹni tó ń tà á ń tà;
ẹni tó rà á, èéfín ló rà.
A tò ó sórí pákó kó má fara kanlẹ̀,
a dojú rẹ̀ kọ afẹ́fẹ́ odò,
a bo orí, a fi ìhà sílẹ̀ lásán,
a fi ọdún kan gbáko jìn ín.
Ìyẹn náà gba ebi.
Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbá méjì pọ̀, ó dún ko!
bí ilẹ̀kùn tí ẹnìkan ń kàn.

Àwọn wíwọ́, àwọn kúkúrú tí kọ́ọ̀dù kọ̀,
tó ti ń jù sẹ́yìn ilé láti ìgbà tí wọn ò tí ì bí mi,
mo dì wọ́n ní mẹ́fà mẹ́fà,
mo gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà adágún
níbi tí àwọn ará ìlú ńlá ti ń pàgọ́
láìmú àáké dání. Dọ́là méje ìdì kan, àpótí owó lẹ́gbẹ̀ẹ́.
"Ta ni yóò ra igi bí ẹni ra sìgá?"
Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìdì mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti lọ.
Bébà kan wà nínú owó: "Mo jẹ yín ní dọ́là méjì."
Ó fi í ránṣẹ́ lóṣù kẹsàn-án, nínú àpò lẹ́tà.
Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Mo wá kan pátákó mọ́ àká: KÒ SÍ ÀWÌN MỌ́.
Gervaise ti jẹ gbèsè òtútù méjì.

Oṣù kìíní dé, pẹ̀lú òtútù
tó ń mú ìṣó pariwo nínú ògiri.
Mo jí, mo rí ipa táyà lórí yìnyín,
ó ti ẹ̀yìn àká jáde, ó gba ọ̀nà ilé Gervaise.
Bàbá ń mu tíì. Kò wojú mi.
Mo ṣí ìwé. Bírò pẹ́ lọ́wọ́ mi.
Mo kọ: Ààbọ̀ kọ́ọ̀dù. Èènì.
Mo sì kọ ẹ̀yìn sábẹ́ rẹ̀,
wákàtí méjì, òru,
n kò mọ ẹni tí yóò san án.