Gílóòbù Kan Ṣoṣo

Ní Punta Arenas, níbi tí ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán,
oòrùn oṣù kẹfà dà bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó:
á yọjú ní aago mẹ́wàá àárọ̀,
kí o tó bu omi fún un, ó ti ń wá bàtà.
Lẹ́yìn ìyẹn, àjà ilé nìkan la gbójú lé.

Àjà náà kì í sì í ṣe tiwa.
Don Baldomero ló ni ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn:
ẹ má lu ihò, ẹ má kun ọ̀dà, ẹ má fọwọ́ kan wáyà.
Abọ́ gíláàsì kan ló so rọ̀ níbẹ̀
bí ojú ẹni tí oorun ń kùn,
ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì dà bí tíì
tí wọ́n ti bomi là lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lábẹ́ rẹ̀ ni ìyá mi Otilia ti ń hun súwẹ́tà,
òwú dúdú, fún Nahuel ọmọ àbúrò mi
tó fẹ́ bá ọkọ̀ apẹja lọ.
Ó ń hun, ó ń tú u.
"Ojú mi ti sìn mí tó," ó ní, "ẹ má bá a jà."
A ra awò ojú fún un. Ó wọ̀ ọ́.
Ó tún já ojú òwú mẹ́rin sílẹ̀.
Mo lọ sunkún nílé ìdáná,
níbi tí kò sẹ́ni tó lè rí omijé,
iná ibẹ̀ tilẹ̀ tún burú ju ti pálọ̀ lọ.

Alẹ́ ọjọ́ kan ni mo ní, kí n tó dá ojú lẹ́bi,
ẹ jẹ́ kí n bi iná léèrè.
Mo gbé àga lé tábìlì, mo gun ún.
Ìyá mi rọ̀ mọ́ kókósẹ̀ mi,
ó ń pariwo, "Rọra, ọmọ kékeré!"
Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta.
Ìdè mẹ́ta ni mo tú, abọ́ náà já sí mi lọ́wọ́.

Áà.
Afòpiná kún inú rẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà.
Wọ́n ní afòpiná kò lè pa fìtílà.
Ta ló ní? Wọ́n pa tiwa,
díẹ̀díẹ̀, fún ọdún mọ́kànlá.
Ojú ihò gílóòbù méjì ló sì wà níbẹ̀,
ọ̀kan ṣófo.
N kò ní sọ ọwọ́ tó yọ ọ́.
Ẹni tó ń sanwó iná kí a tó kó wọlé mọ ara rẹ̀.

Mo fọ abọ́. Omi rẹ̀ dúdú bíi kọfí.
Ní ṣọ́ọ̀bù Ruperto wọ́n bi mí,
ṣé funfun bíi yìnyín ni, àbí pupa rúsúrúsú?
Mo ní, èyí tí òwú dúdú kò ní lè sá fún.
Mo ra méjì. Mo tún gbé iná onídùúró sẹ́yìn àga,
mo dojú rẹ̀ kọ ògiri,
kí ògiri náà lè ṣiṣẹ́ díẹ̀:
ó ti pẹ́ tó ti ń bá wa gbé lọ́fẹ̀ẹ́.

Mo tẹ iná.
Ìyá mi kò sọ̀rọ̀. Ó wo òwú,
ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn.
Lẹ́yìn náà ó wò mí títí.
"Azucena, ìgbà wo ni ewú dé sí ọ lórí?"
Mo ní, ó ti tó ọdún mẹ́fà, Màmá.
Ó mi orí. Ó fa súwẹ́tà náà, ó tú u pátá láti ọrùn,
ó ní Nahuel kì í ṣe ẹja,
kí ló fẹ́ fi àwọ̀n ṣe lọ́rùn?

Nígbà tí Don Baldomero wá gba owó ilé,
ó gbójú sókè, ó wá ihò. Kò síhò.
Ó jókòó láìjẹ́ pé a ní kó jókòó,
ó yọ lẹ́tà kan lápò,
ó sún un mọ́ ògiri tó ń tàn, ó kà á tán,
ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.
Ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà:
"Gílóòbù yẹn," ó ní, "èló ni wọ́n ń tà á?"