Mẹ́rin Nínú Mẹ́wàá

Àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ ni. Láti ọ̀fíìsì káńsù,
ọ̀kadà ló gbé e gba Gbọ́nmi dé ọ̀dọ̀ wa.
Ìyáàfin Ọ̀ṣúnkúnlé fi etí rúlà ya á,
ó kà á tán, ó tún un kà,
ó bọ́ gíláàsì, ó fi ìdí ìborùn nù ún,
àfi bí ẹni pé ìdọ̀tí ojú gíláàsì
ló kọ ohun tó wà níbẹ̀.

Òrùlé: méjì nínú mẹ́wàá.
Ìyẹn ò bá wa lójijì. Ìjì oṣù Ẹrẹ́nà ló ká páànù lọ,
títí dòní, kíláàsì kẹta àti ìkẹrin jọ ń jókòó nínú yàrá kan,
wọ́n kẹ̀yìn síra wọn,
àwọn tó ń ṣe ìsọdipúpọ̀ ń gbọ́ ìtàn ìjàpá.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀: òdo.

Àga àti tábìlì: mẹ́fà.
A rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbí, torí àga ṣọ́ọ̀ṣì ni.
Bàbá Làmídì ló fi ọmọlanke kó wọn wá lóru,
tó sì dá wọn padà kí ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tó bẹ̀rẹ̀.
Ṣòkòtò àgbàbọ̀, bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣoni,
àmọ́ fún wákàtí mẹ́rin gbáko, ó bá wa mu.

Ìwé orúkọ: mẹ́sàn-án. Ẹ kí Ọ̀gbẹ́ni Adégún,
ẹni tí bírò pupa rẹ̀ kì í gbẹ.

Ìgbà náà ni ọ̀gá dákẹ́. Ó wò mí.
"Kíláàsì karùn-ún, ẹ wá kà á fúnra yín."

*Mẹ́rin nínú mẹ́wàá.
Olùkọ́ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀, ohùn rẹ̀ já gaara,
ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọmọ bèèrè ọ̀rọ̀.*

Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń fa eruku ṣọ́ọ̀kì símú!
Ọkùnrin tó fi ogójì ìṣẹ́jú jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi,
tó mu omi inú ọ̀rá méjì, tó ń wo aago,
òun ló máa wá sọ irú ẹni tí mo jẹ́ fún mi?
Mo gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ sílé,
mo ń bá a jà lọ́kàn, mo sì ń borí.
Koríko ti bo irin náà dé orúnkún.
Koríko yẹn ló rán mi létí.

Ọjọ́ ìbẹ̀wò, Tìámíyù, ọmọ télọ̀ etí gáréèjì, nawọ́:
"Tíṣà, rélùwéè tó máa ń dúró ní Òṣogbo nígbà kan,
ṣé ó gbàgbé ọ̀nà ni?"
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìṣirò ìdá là ń ṣe,
mo sì ní àlejò lẹ́yìn.
"Jókòó, Tìámíyù."
Ó jókòó.
Mi ò tilẹ̀ gbọ́ ohùn ara mi.
Ẹnìkan gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

"Jókòó" mélòó ni mo ti sọ láti ọdún yìí wá?
Ká ní búlọ́ọ̀kù ni wọ́n,
à bá ti fi kọ́ yàrá fún kíláàsì kẹta.

Lọ́jọ́ kejì, mo kọ déètì sójú pátákó,
mo fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀.
"Ta ló ní ìbéèrè?"
Wọ́n ń wo ara wọn. Àwọn kan wo ẹnu ọ̀nà,
bóyá alábẹ̀wò ti tún dé.
Ewúrẹ́ kan kọjá lójú fèrèsé.
Mo dúró. Dídúró náà le ju ìṣirò lọ.
Ọwọ́ kan wá gbéra díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wò ó bóyá òjò ti dá.

"Máàkì mélòó ni wọ́n fún yín, Tíṣà?"

Mo gbé itọ́ mì. "Mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

Tìámíyù ò rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.
Ó rò ó, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú,
ó wá fún mi lọ́rọ̀ témi fúnra mi máa ń kọ
sí ìsàlẹ̀ káàdì rẹ̀ ní ìparí gbogbo táàmù,
ó kàn fi ọ̀wọ̀ díẹ̀ kún un ni:
"Ẹ túbọ̀ múra sí i, mà."