Egungun Tí Kì Í Ṣe Ti Ẹnì Kankan

Aránṣọ ni mí ní Mákùn, ní Ṣàgámù,
ogójì ọdún ni tépù ti ń gbé lọ́rùn mi.
Mo mọ̀ pé ejìká ọ̀tún kì í bá tòsì dọ́gba.
Mo ti wọn ìbàdí ìyàwó, mo ti wọn ti opó,
kò sẹ́ni tó wọn tèmi rí,
àfi ọjọ́ tí Dókítà Oyèfẹ̀sọ̀ ní kí n dùbúlẹ̀
sínú ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun.

Ó ní: "Ìyá, orí lẹ fi wáyé ni, àbí ẹsẹ̀?"
Mo ní kó wo káàdì ọwọ́ rẹ̀.
Ìgè ni wọ́n kọ síbẹ̀.
Orúkọ mi ti dá a lóhùn kí n tó yanu.

Ó di ìkúùkù: "Orí egungun itan nìyí."
Ó ká ọwọ́ kejì bí ẹni fẹ́ bu omi mu:
"Àwo tó yẹ kó gbà á nìyí."
Ti ẹlòmíì jìn bí abọ́ ọbẹ̀,
tèmi tẹ́ bí ọmọrí ìṣaasùn tí a dojú rẹ̀ sókè,
orí itan ń yọ̀ lórí rẹ̀ bí ẹyin lórí tábìlì.
Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ló ti ń yọ̀.

Ọgọ́sàn-án èèyàn ni wọ́n yà:
ará Ìpẹ́rù, ará Ògèrè, àwọn olóbì Ṣàbó,
àwọn tó ń rìn ṣánṣán, àwa tí à ń tiro.
Wọ́n fi àmì tó ẹgbẹ̀rún sára egungun kọ̀ọ̀kan,
bí mo ṣe ń fi abẹ́rẹ́ olórí to etí aṣọ.
Kọ̀ǹpútà tò wọ́n léra, ó yí wọn kọjú síbì kan náà,
ó ro wọ́n pọ̀, ó pín wọn,
egungun kan sì yọ lójú gíláàsì,
ó mọ́, ó ń dán,
kò sí nínú ara ẹnì kankan.

Ẹ̀rín pa mí.
Mo mọ ẹni yẹn! Òun ni wọ́n ń rán gbogbo aṣọ bọ̀sínúbọ̀síta fún.
Kò tíì wọ ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́ẹ̀kan.

"Kì í ṣe òun là ń wá," ni dókítà wí.
"Bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ là ń wá."
Ó tẹ nǹkan kan, egungun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mí:
ó tóbi, ó kéré. Ìyẹn ò dun ẹnikẹ́ni.
Ó tẹ òmíì: àwo náà jìn, ó tẹ́, ó jìn, ó tẹ́,
bí ẹnu ọmọ tó ń wá ọmú.
Ẹ̀kẹta: ọrùn itan lọ́ síwájú.
"Ẹ dá a dúró síbẹ̀."
Mo mọ ara mi
bí a ṣe ń mọ ìró ẹsẹ̀ ará ilé lókùnkùn.

Ìyá mi gbà títí ó fi kú pé òun ló jẹ̀bi,
pé òun yọ̀ ṣubú létí odò Ìbù nínú oyún oṣù méje.
Ó pọ̀n mí, ẹsẹ̀ mi yà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì,
ó pọ̀n mí títí àwọn ọmọdé fi ń fi mí ṣẹ̀sín.
Dókítà ní bóyá ẹ̀yìn ìyá yẹn
ló ń ti orí itan padà sínú àwo,
bóyá òun ló jẹ́ kí n rìn rárá.
Kò dá a lójú. Ó ní àwọn ṣì ń kà á.
Mo fẹ́ràn rẹ̀ pé kò dá a lójú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọ kan fi ìdí wáyé ní Ọ̀fín.
Wọ́n ní kí n rán okùn aláṣọ
tí yóò ya ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ tí a pọ̀n.
Wọ́n fún mi ní ìwọ̀n lórí ìwé.
Mo ká ìwé náà, mo fa tépù yọ,
mo wọn ọmọ fúnra rẹ̀.
Ó ta mí nípàá.