Mo Mọ Ẹni Tó Tọ̀ Ọ́

Rọra dìde, Zirka, jẹ́ kí n tún okùn àpò yìí so.
Ní Manitóbà níhìn-ín, lóṣù Èrèlé,
bí èèyàn bá tutọ́, yóò di òkúta kó tó kanlẹ̀.
Ìtọ̀ rẹ nìkan ló ṣì ń rú èéfín.

Oyún oṣù mẹ́jọ. Ibi-ọmọ rẹ
ń fi ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ po họ́móònù
bí ẹni tó fẹ́ gba àlejò gbogbo abúlé.
Ó pọ̀ ju ohun tí ara lè lò lọ,
iṣẹ́ tí a sì ti jẹ́ tán, a kì í dúró jẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì.
Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀rá ni; ọ̀rá kì í bá omi ṣọ̀rẹ́.
Ẹ̀dọ̀ ló mọ ọgbọ́n rẹ̀: ó bu iyọ̀ imí-ọjọ́ díẹ̀,
ó dì í mọ́ ọn lẹ́yìn
bí ìgbà tí a gbé ọmọ pọ̀n fún àpọ́n.
Ó ní, máa lọ, omi ò ní kọ̀ ọ́ mọ́.
Kíndìnrín sì ṣílẹ̀kùn.

Lọ́jọ́bọ̀ ni ọkọ̀ á wá kó agolo.
Tó bá ṣe, á ti di hóró oògùn
tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dídì, lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì mi.
Dókítà Wasylyk kọ ọ́ fún mi, mo bú sẹ́rìn-ín.
Mo ní, mo mọ ẹni tó tọ̀ ọ́.

Nígbà yẹn, ooru á kàn dédé gbé mi,
màá bọ́ kóòtù sórí yìnyín,
Ostap á ní orí mi ti dàrú.
Ó ti rọlẹ̀ báyìí.
Ohun tí ẹ̀dọ̀ rẹ lé jáde, tèmi ń tún un lé.
Kì í tètè gbọ́. Ó bá òróòro dé inú ìfun,
kòkòrò tíntìntín ibẹ̀ tú ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀,
ló bá gba ẹ̀yìnkùlé padà wọlé
bí àlejò tó gbàgbé fìlà.

Kò sẹ́ni tó so àpò mọ́ tèmi.
Ó ń ṣàn lọ sábẹ́ ilẹ̀, bóyá dé odò,
bóyá ẹja kan ń mu ún.
Kí ló ń sọ fún ẹja? Iṣẹ́ ta ló ń jẹ́?

Má tàpá, Zirka. Bí koríko bá yọ,
wàá bímọ, àpò yìí á ti kúrò lára rẹ,
ọmọ náà á dìde lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń gbọ̀n.
Má bi mí níbi tí ọkọ̀ kejì ń gbé wọn lọ.
Omi rẹ rèé. Mu.