Ìgbọ̀nwọ́

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ọwọ́ yìí ka ikùn aláboyún
ní Ìsánlú, kí ẹ̀rọ ayàwòrán inú tó dé ọ̀dọ̀ wa.
Mo máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara wọn kí wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́,
n ó wá gbé wọn lé e:
orí rèé, ó le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n;
ìdí rèé, ó rọ̀ bí iyán tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lódó;
ẹ̀yìn ọmọ rèé, ó tẹ́ sápá òsì ìyá rẹ̀.
"Màmá Fíbì, akọ ni àbí abo?"
N ó ní, ọwọ́ mi ò mọ ìyẹn, ẹ mú sùúrù.

Ẹ wò ó, ọwọ́ náà rèé.
Ó jókòó sórí itan mi bí àlejò tí kò gbédè ilé.

Jẹjẹrẹ ọmú ni. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo lọ sí Ìlọrin.
Métìlélù ọmọ mi ló ń wa ọkọ̀,
a ó ti kọjá Ọ̀mù-Àrán kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.
Nọ́ọ̀sì á so omi oògùn kọ́, á máa kán, tó, tó, tó,
èmi á máa kà á bí mo ṣe ń ka ìrọbí.
Oògùn wá mú olè. Ó mú un.
Ṣùgbọ́n ó na àwọn ọmọ onílé mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, eèrà dé sí ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi.
Mo tan iná. Eèrà kankan ò sí.
Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo ń lọ sí ìsìn àárọ̀,
ọmọdé kan sá tẹ̀lé mi:
"Òkun o, Màmá. Bàtà yín kan wà lọ́nà lọ́ùn-ún."
Mo wolẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì mi wà lásán
lórí òkúta wẹ́wẹ́,
kò sì sọ fún mi.

Ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì, ẹ má jẹ́ ká dá a sílẹ̀.

Ìgbà ọyẹ́ ló burú jù. Ṣíbí irin ń jó mi bí iná,
iná gan-an kò wá jó mi mọ́:
mo fọwọ́ lásán sọ ìkòkò ẹ̀wà,
òórùn awọ ara mi ni mo fi mọ̀.
Dókítà ní iṣan ni oògùn bà jẹ́,
ó lè padà, ó sì lè má padà.
Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ mi níka. "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára?"
Mo ní mo rí i.
Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Lóru mo máa ń pe ìka mi lórúkọ
àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde:
Olórunnípa. Dọ́káàsì. Ìbejì ilé alápatà,
Táyé tó fẹsẹ̀ wá, tí mo yí padà bí ẹni ń tú okùn.
Kò sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn.

Àwọn ènìyàn ní, ẹ kú oríire, ẹ̀mí yín ò bọ́.
Mo ń ṣe àmín. Òótọ́ ni.
Àmọ́ wọ́n á dì mí lọ́wọ́ mú bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́,
n ó sì máa wò ó, kí n lè mọ ìgbà tí wọ́n bá fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, Fúnmibí ìyàwó Métìlélù bímọ.
Èmi ni ìyá àgbà, èmi ni n ó wẹ̀ ẹ́.
Wọ́n gbé agbada omi ka iwájú mi, omi ń rú èéfín.
Gbogbo yàrá dákẹ́, wọ́n ń wo ọwọ́ mi, wọn ò fẹ́ kí n mọ̀.
Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń bá àwọn ìyá wí:
ẹ má fọwọ́ dán omi ọmọ wò, ọwọ́ ti mọ́ iná lára,
irọ́ ló máa pa fún yín.
Mo ká apá bùbá mi sókè.
Mo ti ìgbọ̀nwọ́ bọ omi.
Mo dúró.

Ó ṣì gbóná, mo ní.
Ẹ bu tútù sí i.