Àmì Abẹ́ Irin

Ìtòkò ni mo gbé e lọ, mo fi ẹní wé e
bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn.
Bàbá Jìnádù ò tíì dá mi lóhùn tán
tó fi gba ìbọn náà, tó ṣẹ́ ẹ níbàdí,
tó di ojú kan, tó ń yọjú sí ẹnu rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta:
méjì lókè fún ẹyẹ àti ọ̀yà,
ọ̀kan nísàlẹ̀, tóóró,
fún àgbọ̀nrín tó rò pé òun ti jìnnà.
"Iṣẹ́ Jámánì," ó ní. "Ta ló tún lè fún irin kan lẹ́nu mẹ́ta?"

Ó rẹ àkísà sínú kẹrosíìnì, ó nu ìdí ọ̀pá.
Ìpẹtà ń ṣí díẹ̀díẹ̀.
Adé kékeré kan yọ, lẹ́tà kan lábẹ́ rẹ̀,
ẹyẹ idì kan tí kò tó ẹyọ ìrẹsì.
"Wọ́n á kọ́kọ́ ki ẹ̀tù àkìjù sí i nínú,
wọ́n á yìn ín, wọ́n á wò ó.
Ìbọn tí kò bá fọ́ nìkan ni wọ́n ń dé ládé."
Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ọba. Mo gbé e mì.

Ó yọ́ àbẹ́là méjì nínú agolo mílíìkì,
ó fi òwú dí ọ̀fun ìbọn,
ó rọra dà á sínú yàrá ọta.
A jókòó. Rélùwéè fọn fèrè ní Láfẹ́nwá.
Ohun tó tì jáde funfun, ó ń dán, ó lọ́rùn bí ìgò.
Ó fi kálípà wọ̀n ọ́n: mílímítà márùndínláàádọ́rin.
Àádọ́rin ni ọta tí àbúrò mi rà.
"Yóò wọlé o. Ìgbà tó bá bú ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ na ẹsẹ̀,
kò sì ní síbi tí yóò nà án sí.
Ojú ta ni yóò bá a lọ?"

Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá ka nọ́ńbà ìkẹyìn fún mi:
mẹ́rin, àmì tóótó kan, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.
Oṣù kẹrin, ọdún 1927.

Ara mi tutù.
Nílé wa, Ogun Adúbí ni oríkì ìbọn yìí:
bí Ọdẹ́dínà, bàbá bàbá wa, ṣe gbé e dúró
lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí wọ́n hú.
1918 nìyẹn.
Irin tí wọ́n máa fi rọ ọ́ lè ṣì wà nínú ilẹ̀ nígbà náà.

Bàbá Jìnádù rí ojú mi.
"Bóyá òmíràn ló mú lọ," ó ní jẹ́jẹ́.
Ó nu ọwọ́. "Bóyá kò sì lọ.
Ẹni tí kò lọ náà máa ń bímọ."

Mo ju àbẹ́là yẹn sápò.
Kí n tó dé Ìjẹmọ̀, oòrùn ti tẹ̀ ẹ́ wọ́rọ́kọ́.
Bàbá mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbé àga síta.
"Kí ló wí?"
"Ó ní kí ẹ má yìn ín mọ́."