Kí Àlejò Tó Dé

Mo fọ aṣọ tá a fi ń bo ògiri ṣọ́ọ̀bù,
òjò Òkè-Fìà ò jẹ́ ó gbẹ.
Bátìrì mẹ́ta ń gba iná lọ́dọ̀ Músílíù onígbàjámọ̀,
torí tèmi ti lọ láti àná.
Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àlejò á kún ọ̀nà odò,
kálukú á sì fẹ́ fọ́tò kílẹ̀ tó ṣú.

Ráfátù ọmọ-iṣẹ́ mi ń nu ojú kámẹ́rà
bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun.
"Ọ̀gá, ṣé ká fowó lé e?"
Mo ní kó fi igba náírà kún un.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta.

Ìgbà yẹn la tú àpótí èṣín,
àwọn fọ́tò tólówó wọn ò padà wá gbà.
Ìyá kan, gèlè búlúù, eyín kan ṣoṣo níwájú.
Ó ti sanwó tán.
Ó ní òun ń sáré bá ọkọ̀ Ìkìrun,
òun ń bọ̀ kí n tó palẹ̀ mọ́.

"Ká dà á nù, Ọ̀gá. Àyè ò sí."
Mi ò dáhùn.
Mo wá ìṣó, mo gbé ìyá kọ́ ẹnu ọ̀nà,
bóyá ará Ìkìrun kan á kọjá.

Músílíù ké láti òdìkejì: iná ti lọ!
Bátìrì méjì ló kún.